Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Òkúta Lórúkọ

 Àwọn àgbà máa ń wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe náà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó lè kan òkúta. Ní sáà tí ó kọjá, mo sọ òkúta kan lórúkọ láì wo ilé tí ó ti wá, orúkọ náà kò sì jẹ́ tirẹ̀. Ìtìjú tí mo rí níbẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́, ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má baà jìn sí kòtò tí èmi ti jìn sí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ìwé-ẹ̀rí ìwé kẹfà ni mo mú lọ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ákrà lọ́dọ̀ ìyá tí ó bí bàbá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Àdúgbò tí a ń pè ní New Town ni ó ń gbé. Àwọn àgbà a máa pe ibẹ̀ ní Lagos Town láyé àtijọ́, nítorí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Èlùbọ́ àti ata gbígbẹ ni ìyá àgbà ń tà. Bí ó bá jí ní òwúrọ̀, tí ó wẹ̀ tán, ohun kan wà tí kì í gbàgbé láti fi sí ọrùn: ìlẹ̀kẹ̀ òkúta aláwọ̀ ewé, ẹyọ mọ́kànlélógún, tí ilà-ilà dúdú àti ilà fẹ́ẹ́rẹ́ yí po lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé a fi ìyẹ́ ẹyẹ kọ wọ́n síbẹ̀.

Ìyá tirẹ̀ ni ó fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí i lọ́rùn. Bàbá rẹ̀ ni ó rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ó ti ìhà Kóńgò dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, òfin jáde ní ilẹ̀ yìí pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ìyá àgbà nígbà náà. Ó sọ fún mi pé ilé kún fún ẹrù tí kò sí ẹni tí yóò gbé e, pé wọ́n fi ìkòkò lé orí iná sílẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ènìyàn há sí bí ẹja. Nínú òkùnkùn ọkọ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ti tú ìlẹ̀kẹ̀ kúrò ní ọrùn ara rẹ̀, tí ó so ó mọ́ ọrùn ọmọ. Nígbà tí ó padà sí Ákrà ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìlẹ̀kẹ̀ náà nìkan ni ó mú padà nínú gbogbo ohun tí ó bá wọn jáde lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ rántí ìtàn yìí, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí ó kọjá, owó ilé-ẹ̀kọ́ mi kò pé. Ọjà kò tà, ẹsẹ̀ sì ń dun ìyá àgbà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí sí yàrá, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní:

“Àkànní, ọkọ mi, òkúta iyebíye ni èyí. Láti ọjọ́ tí mo ti ní in ni mo ti ń pa á mọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Mú un, kí o wádìí ohun tí ó ń jẹ́, kí o tà á, kí o sì fi owó rẹ̀ kàwé.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. N kò sùn dáadáa lóru náà. Bí ilẹ̀ ti mọ́ ni mo ṣí Bíbélì, mo wá ibi tí a gbé ka àwọn òkúta iyebíye inú ìwé Ìfihàn, mo sì rí smaragdu níbẹ̀. Mo ti gbọ́ rí pé òkúta aláwọ̀ ewé ni smaragdu, pé àwọn ọba ayé ni wọ́n ń lò ó. Mo wo ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ mi, ó ní àwọ̀ ewé. Kí ni mo tún ń wá? Mo padà tọ ìyá àgbà lọ, mo ní, “Ìyá àgbà, smaragdu ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú Bíbélì.” Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ orúkọ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i bí ahọ́n rẹ̀ ti ń kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ì bá mọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbára ọ̀rọ̀ náà ti gùn mí. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n rán wa lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ olùkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan. Mo mú ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ sí kíláàsì, mo gbé e sókè níwájú àwọn ọmọ méjìlélógójì, mo ní, “Ẹ wò ó, òkúta smaragdu rèé, ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí ó wọ́n jù láyé.” Gbogbo wọn dákẹ́. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kékeré kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé dìde, ó sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, báwo ni ẹ ṣe mọ̀?”

N kò ní èsì. Ẹ̀yin ará, èmi tí mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn àti ẹfun lọ́wọ́, n kò ní èsì kankan. Mo sì ṣe ohun tí olùkọ́ kì í ṣe. Mo le ojú, mo ní, “Nítorí pé èmi ni olùkọ́. Jókòó!” Ọmọ náà jókòó. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi títí aago fi lù, ojú náà sì bá mi délé.

Ìbéèrè ọmọ náà ni ó lé mi lọ sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Mo kó ìlẹ̀kẹ̀ náà lé e lọ́wọ́, mo sì bi í bí a ṣe ń mọ smaragdu. Ó gbé ẹyọ kan sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, “Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òkúta, kí ó bi òkúta léèrè. Ṣé ìwọ yóò gbà kí n fi ilà díẹ̀ sí ẹyọ kan lára?” Ọkàn mi já, ṣùgbọ́n mo gbà.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ní ọdún 1812, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Friedrich Mohs to àwọn òkúta sí ìpele mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí líle wọn. Èyí tí ó rọ̀ jù wà ní ìpele kìn-ín-ní, díámọ́ńdì tí ó le jù wà ní ìpele kẹwàá. Òkúta tí ó bá sì le ju èkejì lọ ni yóò lè fi ilà sí i lára. Smaragdu wà láàárín ìpele keje àti ààbọ̀ sí ìkẹjọ, nítorí náà ọ̀bẹ irin kò lè rí nǹkan ṣe fún un. Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀, ó fa orí ọ̀bẹ kékeré kan lára ẹyọ náà. Ilà hàn níbẹ̀ gbangba, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ sì dà sórí bébà funfun. Lẹ́yìn náà ó kán ásíìdì tí a ti fi omi là sórí ìyẹ̀fun náà. Lójú mi báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìfófó wẹ́wẹ́ ń jáde lára rẹ̀. Smaragdu kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

“Málákáìtì ni,” ni olùkọ́ wa wí. “Òkúta rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí o pè é.”

Mo jókòó sórí àga. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò. Èkejì tí mo rò ni ìyá àgbà, àti bí ó ti sọ orúkọ smaragdu ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Olùkọ́ wa rí ojú mi, kò sì jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn òkúta náà fún mi, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọ̀ ewé ara málákáìtì, bàbà ni ó fún un. Níbi tí bàbà bá wà nínú ilẹ̀, tí omi òjò ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá, omi náà a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú bàbà náà, a sì máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ibòmíràn, ìpele lórí ìpele, fún ọdún pípẹ́ pípẹ́. Ìdí nìyí tí ilà-ilà fi máa ń wà lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà tí àwa ènìyàn ń mí síta ni ó wà ní ìdè nínú òkúta náà. Òun ni ó ń sá jáde nígbà tí ásíìdì bá kàn án. Bí a bá sì fi málákáìtì sínú iná, yóò di dúdú. Bí a bá wá fi èédú sí i nínú iná líle, bàbà pupa ni yóò kù sílẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni àwọn ará ìgbàanì fi rí bàbà. Ní Great Orme ní ilẹ̀ Wales, àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ ihò lọ sínú òkè láti wa málákáìtì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará Íjíbítì a máa lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n a sì fi lé ojú bí àwa ti ń lé tìróò. Ní Katanga ní ilẹ̀ Kóńgò, àwọn alágbẹ̀dẹ a máa yọ́ ọ, wọ́n a sì da bàbà rẹ̀ sínú àpẹẹrẹ tí ó dàbí àgbélébùú. Irú bàbà bẹ́ẹ̀ di owó tí wọ́n fi ń ṣòwò jákèjádò agbègbè náà. Ní Rọ́ṣíà, ọba wọn fi málákáìtì ṣe òpó àti ara ògiri yàrá ńlá kan ní ààfin rẹ̀ ní ìlú St Petersburg, lẹ́yìn tí iná jó ààfin náà ní ọdún 1837. Àwa náà kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ bàbà. Ère ojú tí a ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n ní Ilé-Ifẹ̀, bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì ni wọ́n fi rọ ọ́.

Mo wá béèrè pé, “Sà, kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà?” Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Orúkọ náà ti èdè Gíríìkì wá. Àwọn Gíríìkì ní ewéko kan tí wọ́n ń pè ní malakhe. Wọ́n wo òkúta, wọ́n wo ewé náà, wọ́n rí i pé àwọ̀ wọn jọ ara wọn, wọ́n sì fi orúkọ ewé pe òkúta. Pliny, ará Róòmù tí ó kú ní ọdún 79 nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òkúta kan wà tí ń jẹ́ molochitis, pé lára ewéko náà ni ó ti gba orúkọ, àti pé àwọn ènìyàn gbà pé a máa dáàbò bo ọmọ ọwọ́. Àwọn onímọ̀ kò fi gbogbo ara gbà pé òkúta tí Pliny ń wí ni málákáìtì tiwa yìí, ṣùgbọ́n òun ni orúkọ náà jogún fún.

Malakhe yìí ní ẹbí púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko a máa to ewé sí ìdílé-ìdílé, wọ́n sì pe ìdílé tirẹ̀ ní Malvaceae. Ta ni àwọn ọmọ ilé náà? Ilá wà níbẹ̀. Òwú wà níbẹ̀. Ìṣápá wà níbẹ̀. Nínú ètò tí wọ́n ń lò lónìí, kòkó tí ó sọ ilẹ̀ Gánà di olókìkí àti obì tí a fi ń gba àlejò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí ó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé ewédú jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ewédú tí àwa Yorùbá fi ń jẹ àmàlà, tí àwọn ará Ewe ń pè ní ademe, tí àwọn ará òkè Gánà ń pè ní ayoyo, tí àwọn ará Sàró sì ń pè ní krain-krain, ìbátan ewé tí a fi sọ málákáìtì lórúkọ ni.

Olùkọ́ wa fi ohun mìíràn tù mí nínú. Ó ní kì í ṣe èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi orúkọ òkúta kan pe òmíràn. Àwọn Gíríìkì fúnra wọn, nígbà tí wọ́n bá wí pé smaragdos, òkúta aláwọ̀ ewé oríṣiríṣi ni wọ́n ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ náà. Jade ńkọ́? Àwọn ará Spain pè é ní piedra de ijada, èyíinì ni òkúta ìhà, nítorí wọ́n gbà pé a máa wo ìrora ìhà sàn; lára ọ̀rọ̀ yẹn ni orúkọ jade ti wá. Ayé lo orúkọ náà títí di ọdún 1863, kí ará Faransé kan tí ń jẹ́ Alexis Damour tó fi hàn pé òkúta méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo. Damour kò fi àwọ̀ nìkan dá wọn mọ̀; ó yẹ ohun tí ó wà nínú wọn wò. Ojú ni ó ń rí àwọ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì lè wọ aṣọ kan náà.

Mo gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ sí ọjà Makola kí n lè mọ òpin ọ̀rọ̀. Obìnrin kan tí ń ta ìlẹ̀kẹ̀ Krobo wò ó, ó sì dá owó lé e. Owó náà kò lè ra ìwé tí mo nílò ní sáà kan, áḿbọ̀sìbọ́sí owó ilé-ẹ̀kọ́. Mo dì í padà sínú aṣọ ìnuwọ́, mo sì mú ọ̀nà New Town pọ̀n.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀nà náà gùn lọ́jọ́ náà. Èṣù ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé mi nínú trotro. Ó ń wí fún mi pé, “Kí ni o fẹ́ sọ fún un sí? Sọ fún un pé owó rẹ̀ kò tíì wọ́n lọ́jà, pé kí ó máa pa á mọ́. Kí ni ó burú nínú kí arúgbó máa sùn pẹ̀lú ìdùnnú?” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí mo bá tún purọ́ fún ìyá àgbà, yóò di ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ti lo ipò mi láti pa ẹnu ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé mi mọ́.

Mo bá a níwájú ilé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń já ewédú sínú ìgbá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ìyá àgbà, mo ṣẹ̀ yín. Orúkọ tí mo pe ìlẹ̀kẹ̀ yín kì í ṣe orúkọ rẹ̀. N kò wádìí kí n tó sọ ọ́. Kì í ṣe smaragdu. Owó tí wọ́n dá lé e kò tó nǹkan.” Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀bẹ títí dé orí ọjà.

Kò dá mi lóhùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gba ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka á lẹ́yọ-lẹ́yọ bí ó ti máa ń ṣe. Nígbà tí ó dé orí ẹyọ tí a fi ọ̀bẹ fà, ìka rẹ̀ dúró.

“Kí ló ṣe èyí?”

“Òun ni a fi dán an wò, ma.”

Ó fi ìka pa á, ó wò ó pẹ́, ó wá ní, “Ṣebí gbogbo wọn ni wọ́n ti kọ ilà tẹ́lẹ̀. A kàn bu ilà kún ti èyí ni.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ó tún béèrè pé, “Kí ni ó wá ń jẹ́ gan-an?”

Mo mú ewé ewédú kan nínú ìgbá, mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gbé ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan lé e. Mo ní orúkọ ewé kan ni àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ fi pè é, ewé náà sì jẹ́ ìbátan èyí tí ẹ ń já yìí. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Iṣan tí ó là ní ara ewé àti ilà ara òkúta ń wo ara wọn. Ìyá àgbà ní, “Ìyá mi a máa sọ pé ó dà bí ewédú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Mo rò pé eré ni ó ń ṣe.”

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun kan tí kò sọ fún mi rí. Ó ní nínú ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́ yẹn ní 1969, ìyá rẹ̀ kò sọ pé òkúta náà níye lórí. Ohun tí ó sọ nígbà tí ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn ni pé, “Bí a bá pàdánù ara wa lójú ọ̀nà, ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni n ó fi máa béèrè rẹ lọ́wọ́ ènìyàn.” Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi owó kún un nínú ọkàn rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, nítorí ẹni tí ó pàdánù ilé a máa fẹ́ kí ohun kan ṣoṣo tí ó kù tó ilé. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ náà padà mọ́ ọrùn rẹ̀, ó ní, “Àkànní, wá owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ síbòmíràn. Èyí kì í ṣe títà mọ́.” Ó sì padà sídìí ewédú rẹ̀.

Àwọn alábòójútó gbà kí n san owó mi díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ àbámẹ́ta ni mo fi ń bá àwọn bíríkìlà ru búlọ́ọ̀kù títí mo fi san án tán. Ọwọ́ mi le nísinsìnyí, mo rò pé yóò wà ní ìpele kan lórí àkàsọ̀ Mohs.

Iṣẹ́ kan sì kù. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ìdánwò iṣẹ́ olùkọ́ni, mo dúró níwájú àwọn ọmọ méjìlélógójì náà, mo ní, “Mo sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ fún yín. Òkúta tí mo fi hàn yín kì í ṣe smaragdu, n kò sì mọ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ẹnì kan nínú yín béèrè bí mo ṣe mọ̀. Ìbéèrè rere ni, èmi ni mo ṣe àìdára.” Mo pe ọmọbìnrin náà síwájú. Mo ti gba èérún málákáìtì díẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ wa, mo ti lọ̀ ọ́ kúnná sínú àwo funfun. Mo fún un ní ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo là sí méjì, mo ní kí ó fún un sí i. Ó fún un. Gbogbo orí péjọ sórí àwo. Ìyẹ̀fun náà rọra ń hó, ìfófó wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọmọ náà gbójú sókè wò mí, ó ní, “Báyìí ni ẹ ṣe mọ̀?” Mo ní, “Báyìí ni mo ṣe mọ̀.” Alábẹ̀wò tí ó jókòó lẹ́yìn kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. N kò mọ ohun tí ó kọ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni kò dà mí láàmú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láti ìgbà náà ni mo ti ń fi etí sí orúkọ. Nígbà tí àwa Yorùbá bá fẹ́ dárúkọ àwọ̀ òkúta yìí, àwọ̀ ewé ni à ń wí. Ọ̀rẹ́ mi tí ó jẹ́ Asante sọ fún mi pé ahabammono ni tiwọn, ewé tútù ni ó sì túmọ̀ sí. Àwọn Gíríìkì wo ewé, àwa náà wo ewé. Ẹni kan kò kọ́ ẹnì kejì. Ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn baba wa ní ti pẹ́ ní orúkọ tirẹ̀: iyùn, àkún, sẹ̀gi, kò sì sí ẹni tí ó mọ nǹkan tí yóò pe iyùn ní sẹ̀gi. Àwọn tí wọ́n wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ohun tí a ń sọ lù.

Àwa tí a ó di olùkọ́ lọ́la, orúkọ ni iṣẹ́ wa. Ohun tí a bá pe nǹkan níwájú ọmọdé ni yóò máa pè é títí yóò fi darúgbó. Bí a kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kí á wí pé a kò mọ̀, kí á sì wá ọ̀bẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ọmọ bá bi wá pé báwo ni a ṣe mọ̀, kí á má ṣe lé e jókòó.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀ mìíràn wá. Bí ẹ bá ní orúkọ fún òkúta yìí ní èdè yín, tàbí tí ẹ bá mọ ohun tí àwọn ìyá yín fi ń ṣe àpèjúwe àwọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sọ fún mi ní yàrá ìkàwé. Mo ti la ojú ewé kan sílẹ̀ nínú ìwé mi fún un. Lórí ìlà àkọ́kọ́ ni mo kọ ohun tí ìyá ìyá àgbà mi sọ sí: ewédú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já.